Ẹkún Bùsọ́lá Nínú Fíìmù

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fíìmù Tísà Oyèbámijí fún àwọn èèyàn wò ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìkẹ́rẹ́, èrò pọ̀ débi pé ṣe ni wọ́n yọ pákó fèrèsé kí àwọn tó wà níta lè rójú wò. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà náà, ohunkóhun tí ọwọ́ ọmọ ilé bá sì ṣe, bí oyin ló ń rí lẹ́nu ará ilé. Wọ́n ní a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, a ti ní nọ́ńbà ọkọ̀ tiwa, a sì tún ti ní fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa, kí ló tún kù?

Kọ́láwọlé, tó ti ṣiṣẹ́ fídíò ní Èkó kó tó padà wálé, ló ya fíìmù náà. Òun ló gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì gíga, tó sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ọgbà kí ariwo rẹ̀ má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Tísà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ ìtàn rẹ̀. Ó sì sọ ọ́ ní *Asunkún-ju-ọlọ́fọ̀*.

Fíìmù tálákà ni, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. Pálọ̀ kan náà ni wọ́n fi ṣe ilé mẹ́ta, kọ́tìnì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọlọ́runtọ́ba onígbàjámọ̀ ló ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ládélé. Ẹ̀wù òjò tí Tísà fi ń gun alùpùpù nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló wọ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, àágùn sì ń bọ́ lágbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá tó mú dání, inú kọ́bọ́ọ̀dù sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ ló ti wá. Nígbà tó fẹ́ lé ọ̀daràn, mọ́tò kọ̀, kò dáhùn, ọwọ́ àwọn tó ń tì í sì hàn kedere nínú àwòrán. Ewúrẹ́ kan ké níbi tí dókítà ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́. Òkú tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn ṣẹ́jú.

"Òkú Ìkẹ́rẹ́ kì í fẹ́ kú tán," ọkùnrin kan wí lẹ́yìn, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ọkàn wọn ń bá ìtàn náà lọ, nítorí Tísà mọ ìtàn í so. Obìnrin olówó kan ń ṣàìsàn. Àbúrò rẹ̀ ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un láràárọ̀. Obìnrin náà kú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ti Adó dé, ó ní ikú náà kì í ṣe ti àìsàn, ẹnì kan ló fún un ní májèlé jẹ. Ta ni? Ṣé ọkọ rẹ̀ ni, tí Tísà fúnra rẹ̀ ṣe nínú eré nítorí pé kò rí ẹlòmíràn? Ṣé dókítà ni? Ṣé awakọ̀ ni? Àwọn òǹwòran ń bá ara wọn jiyàn, kálukú ń dárúkọ ẹni tó fura sí.

Lẹ́yìn náà ni ìsìnkú dé. Ibẹ̀ nìkan ni fíìmù náà kò ti jọ ti tálákà. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ewé, àlùfáà wọ aṣọ funfun, Ẹgbẹ́ Ìyá tò lọ bẹẹrẹ, pósí tó ń dán sì wà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó rí ara wọn, wọ́n sì ń nàka: "Èmi rèé o. Wo fìlà mi." Wọ́n mọ̀ pé ìsìnkú gidi ni, torí pé àwọn fúnra wọn lọ síbẹ̀. Ìsìnkú Hannah ni, ìyàwó Tísà.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ládélé yọ lẹ́yìn igi kan, ó ń wo àwọn ọlọ́fọ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: "A kì í sunkún ju ọlọ́fọ̀ lọ. Ẹni tó bá sunkún ju ọlọ́fọ̀ lọ, òun ló mọ ohun tó pa òkú."

Ojú obìnrin kan sì kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n. Gèlè rẹ̀ ti tú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ dé ọrùn. Kì í ṣe Ọmọ́rìnsọ́lá, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tó ń ṣe àbúrò olóògbé nínú eré náà. Bùsọ́lá ni, àbúrò Hannah gan-an.

Tísà jókòó níwájú, ó gbọ́ bí ohùn kan ti sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wẹ́rẹ́: "Bùsọ́lá mà nìyẹn." Ohùn mìíràn dáhùn: "Hẹn-ẹn. Ẹ̀kọ láràárọ̀." Ó fẹ́ wẹ̀yìn wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró dè é. Ọmọ́rìnsọ́lá padà wọlé, wọ́n mú un, ó jẹ́wọ́ pé inú ẹ̀kọ lòun bu májèlé sí, àtẹ́wọ́ sì gba gbogbo ilé kan. Wọ́n gbé Ọlọ́runtọ́ba lé èjìká tòun ti ẹ̀wù òjò. Àlùfáà bọ Tísà lọ́wọ́, ó ní ìwé kíkà kò ṣòfò lára rẹ̀. Inú Tísà dùn. Ohun tó wá ń dùn ún lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn, pé inú òun dùn.

Bùsọ́lá kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò lọ síbi tí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Báyìí ni ìsìnkú Hannah ṣe wọ inú fíìmù. Kọ́láwọlé ló ya fídíò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà gbogbo ilé tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ fún òkú. Nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ ya ìsìnkú inú eré, ó wá bá Tísà.

"Sà, a máa wá pósí, a máa wá àlùfáà, a máa wá èrò, a sì máa bọ́ gbogbo wọn. Ti Màmá wà nílẹ̀ níbí. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì ń ṣe ọkọ nínú eré. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀."

Tísà ronú sí i, ó sì gbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Hannah fẹ́ràn ìtàn, kò ní bínú. Nígbà tí Kọ́láwọlé pè é sí ṣọ́ọ̀bù pé kó wá wo bí òun ti so ó pọ̀, ó rí ojú Bùsọ́lá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó la ẹnu. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà àti ojú náà bá ara wọn mu bí ìdérí àti ìkòkò, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó ti ń kọ̀wé, kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gún régé tó bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," ló wí.

Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà rìn ju bí wọ́n ti rò lọ. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní Ìsẹ̀ àti Emùré, awakọ̀ kan gbé e dé Òmùò, wọ́n sì ní àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní Ìbàdàn pé jọ láti wò ó. Bí Tísà bá ń kọjá lọ́jà Odò-Ọjà, wọ́n á kí i ní "Baba Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́". Bí ọmọdé bá ṣubú tó bá ké jù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á yí i ká: "Asunkún-ju-ọlọ́fọ̀, kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?" Tísà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Wúlẹ̀mọ̀tù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń dín àkàrà, ló la ojú rẹ̀. Ó wá sẹ́nu ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Bàbá Kẹ́mi, ẹ kú ulé o. Mo ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ọpẹ́ kí ni, Wúlẹ̀mọ̀tù?"

"Ti ọgbọ́n tẹ́ ẹ lò. Ẹlòmíì ì bá ti pariwo. Ẹ̀yin ò pariwo, ẹ ò pe ọlọ́pàá, ẹ fi fíìmù pa á lówe. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí. Ó ti dénú wa, ó ti di odindi."

Tísà wò ó. "Odindi kí ni?"

"Ẹ má dàámú, èmi ò ní sọ ọ́ síta." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àkàrà mi àti ẹ̀kọ rẹ̀ la jọ ń tà látijọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Mo ti gbé àdògán mi kúrò níbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pa òun mọ́ ọn?"

Iṣẹ́ Bùsọ́lá nìyẹn. Láràárọ̀, iwájú ilé rẹ̀ nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ ló ti máa ń bu ẹ̀kọ gbígbóná, àwọn èèyàn á gbé kọ́ọ̀bù àti abọ́ wọn wá, wọ́n á tò. Nígbà tí Hannah dùbúlẹ̀ àìsàn, abọ́ àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ìkòkò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé e lọ fún, nínú abọ́ tánńganran tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ sánmà. Gbogbo àdúgbò ló ń rí abọ́ náà bó ti ń kọjá. Gbogbo àdúgbò ló sì tún rí abọ́ tó jọ ọ́ nínú fíìmù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tísà gba ibẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó tò. Bùsọ́lá jókòó sórí àpótí, ṣíbí rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin. Ó kí i láti ọ̀ọ́kán, "Ẹ káàárọ̀, Bùrọ̀dá," ojú sì ti Tísà débi pé ó dáhùn láìdúró, ó ń yára bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Kò ní ibì kankan tó ń lọ.

Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Kọ́láwọlé. Ó ní kó yọ ojú Bùsọ́lá kúrò.

"Mo lè yọ ọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi, sà," Kọ́láwọlé wí. "Èyí tó wà nílé wọn ńkọ́? Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Omi ti dànù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kíláàsì pé ẹyin ni ohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Mo kọ́ yín ní bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kọ́ wa, sà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìkéde, ó bẹ àlùfáà pé òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó dúró níwájú ìjọ, ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú. Ó ní ìtàn lásán ni òun kọ. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ ló mú aya òun lọ, dókítà sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀. Ó ní Bùsọ́lá tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju bí ọmọ ti ń tọ́jú ìyá lọ. Wọ́n gbọ́ ọ parí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bùsọ́lá wà láàárín àwọn obìnrin, ó tẹ orí ba, àlàfo sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ lórí àga.

Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá kan tó ti dàgbà nínú ìjọ di apá Tísà mú. "Ẹ ṣe bí ọkùnrin," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ilé, a kì í sá a sóòrùn. Bẹ́ ẹ ti bò ó yẹn dára púpọ̀."

Ìgbà náà ló yé Tísà pé bí òun bá ti ń sẹ́ ẹ tó ni yóò máa jóòótọ́ tó. Ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà fún ogójì ọdún ó lé, ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa wá ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ti wá a.

Ó lọ bá Bùsọ́lá. Ó bá a níbi tó ti ń da ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù fún ewúrẹ́ aládùúgbò.

"Ẹ káàbọ̀, Bùrọ̀dá. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti sanra. Kò sí ewúrẹ́ tó tún tó ti ìhà ibí ní gbogbo Ìkẹ́rẹ́."

"Bùsọ́lá, ṣé o ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?"

"Ta ni ò ní gbọ́? Àwọn ọmọ iléèwé ń kí mi. 'Asunkún-ju-ọlọ́fọ̀, ẹ kú uṣẹ́ o.' Mo ń dáhùn. Bí mi ò bá dáhùn, wọ́n á ní ìgbéraga tún kún un." Ó da omi sínú ìkòkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. "Èmi nìkan ni mi ò tíì wo fíìmù náà ní ìlú yìí. Mo fẹ́ wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ara mi. Wọ́n ní mo wà ńbẹ̀."

Wọ́n jọ rìn lọ sílé Tísà, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Bùsọ́lá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga, bí àlejò. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀ẹ̀kan, níbi tí òkú ti ṣẹ́jú. Nígbà tí abọ́ ẹ̀kọ dé, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìsìnkú dé, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí tí eékún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ẹ dá a padà," ó wí.

Tísà dá a padà.

"Pósí náà dára. N kò rí i lọ́jọ́ náà. N kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà." Ó wò ó dé ibi tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti kún àwòrán, kò sì yíjú. "Gèlè mi tú, ẹnikẹ́ni ò bá mi wé e. Ẹ tún dá a padà díẹ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó tún dá a padà. Wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀. Bùsọ́lá wà létí kòtò, ó tẹ̀ síwájú, obìnrin méjì dì í mú. Tísà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù dúdú.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn, Bùrọ̀dá?"

"Níbo?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn."

Tísà wò ó. Ó ti wo àwòrán náà lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ìtàn ló sì fi ń wò ó. Ara rẹ̀ ni kò wò rí. Bí pósí ti ń lọ sílẹ̀, ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú náà gbé ojú sókè. Ó rí kámẹ́rà. Ó na ọrùn díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Kọ́là ni," Tísà wí. "Mò ń tún kọ́là mi ṣe."

Bùsọ́lá mi orí. "Mo ti rí i."

Àwòrán ń lọ, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Bùsọ́lá ní, "Ẹ̀kọ tó wà nínú ìtàn yẹn, ọwọ́ mi lẹ ti rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ rò ó rí pé mo fi nǹkan sínú ẹ̀?"

"Rárá, Bùsọ́lá. N kò rò ó rí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?"

"Mo máa ń gbọ́ ìró ṣíbí rẹ láti ẹ̀yìnkùlé," Tísà wí. "Lára abọ́ yẹn. N kò lè jókòó sínú yàrá kí n máa wo Hannah bó ti ń gbé e mì. Màá lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́."

"Ẹ wà lẹ́yìnkùlé."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ó máa ń béèrè yín láàárín ṣíbí kan sí èkejì. Mo máa ń sọ fún un pé ẹ ń kọ̀wé. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ pariwo." Bùsọ́lá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Inú ò bí mi sí yín. Ojú ló ń tì mí. Bí mo bá rí èèyàn tó ń bọ̀ lọ́nà, èmi ni mò ń yà fún un, bí ẹni pé mo ṣe nǹkan ọ̀hún lóòótọ́. Uyà wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Nígbà tó lọ tán, Tísà jókòó síbẹ̀ títí tí kásẹ́ẹ̀tì fi parí, tí tẹlifíṣọ̀n fi ń hó bí òjò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè tú ohun tí fíìmù ti so. Fíìmù nìkan ló lè tú u. Láti ìgbà Àjíǹde ni àwọn èèyàn ti ń yọ Kọ́láwọlé lẹ́nu pé apá kejì dà, nítorí ní ayé ìgbà náà, fíìmù tí kò bá ní apá kejì, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń wò ó. Tísà padà sábẹ́ igi ọsàn. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Kọ́láwọlé ka ohun tó kọ, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Sà, ọkọ ló wá pa á?"

"Ọkọ ni."

"Ẹ̀yin mà ni ọkọ."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, sà. Ẹ̀yin náà rí i. Wọ́n máa gba èyí náà gbọ́."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Kọ́láwọlé fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó sì lọ gbé kámẹ́rà. Ọlọ́runtọ́ba ló kọ̀ jù. Ó ní òun kò lè fi ojú kan ojú Tísà kóun pè é ní apààyàn, ọwọ́ Tísà lòun ti kọ́ A, B, D. Tísà ní kó máa wo etí òun bó bá ń sọ ọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe yà á. Bí ẹ bá wo apá kejì dáadáa, ẹ ó rí i pé etí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn kan náà nígbà tí àgbàdo tuntun jáde. Èrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bùsọ́lá wá lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Tísà kò sọ fún un.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ládélé padà dé, òun àti ẹ̀wù òjò rẹ̀, àtẹ́wọ́ sì ró. Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán, ó ní òun kò rí oorun sùn, nítorí òun ti ti aláìṣẹ̀ mọ́lé. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ náà wá. Wọ́n gbé e wá nínú abọ́ tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ sánmà. Ẹ̀kọ Bùsọ́lá ni lóòótọ́, Kọ́láwọlé ló rà á láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ọlọ́runtọ́ba gbé abọ́ náà sẹ́nu níwájú gbogbo ìlú, ó mu ún, ó mu ún, ó dorí abọ́ kodò, ó sì nu ẹnu.

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀kọ yìí," ó ní, "àfi àgbàdo àti ìfẹ́."

Lẹ́yìn náà ó mú dígí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwòrán ìsìnkú. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀ ni. Àwòrán sún mọ́ ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú. Ó gbé ojú sókè. Ó na ọrùn. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Kọ́láwọlé dá a padà, ó tún un ṣe, ó tún dá a padà.

"Mo wo ẹni tó ń sunkún," ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí, "n kò wo ẹni tí kò sunkún. Ọlọ́fọ̀ kì í ráyè tún kọ́là ṣe."

Kò sí ẹni tó nàka sí ara rẹ̀ mọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn orí Tísà, níbi tó jókòó sí níwájú. Ó mọ̀ ọ́n lára bí oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gòkè lọ sí kọ́là, ó fi èkejì dì í mú lórí eékún rẹ̀.

Nígbà tó parí, àtẹ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n kò ró kíkankíkan. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Bàbá ìjọ́sí, èyí tó di apá rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí i láti ọ̀ọ́kán. Àlùfáà kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó wẹ̀yìn, kò rí Bùsọ́lá lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́.

Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Wọ́n ní Tísà ti jẹ́wọ́, pé ẹ̀rí ọkàn ni kò jẹ́ kó sùn. Àwọn ọmọdé gbàgbé asunkún-ju-ọlọ́fọ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣe fáàrí, wọ́n á ní, "Tún kọ́là rẹ ṣe." Bí Tísà bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á sá wọlé, wọ́n á sì máa yọjú wò ó. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé àdògán rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ Bùsọ́lá, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń ṣọ́ ẹnu ni.

Ní ọ̀sán kan, Bùsọ́lá bá Tísà lábẹ́ igi ọsàn. Abọ́ tánńganran náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

"Bùsọ́lá," Wúlẹ̀mọ̀tù pè é láti ojú ọgbà, "ṣé ìwọ ò wo apá kejì ni? O ń wọ ulé yẹn."

"Mo wò ó," Bùsọ́lá dáhùn láìwẹ̀yìn. "Èmi ni mo gbé oúnjẹ wá, kì í ṣe òun."

Ó gbé abọ́ ka iwájú Tísà, ó ṣí i, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò igi. Tísà ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Ìró ṣíbí lára abọ́ náà ń dùn ún létí. Kò lè gbé ojú sókè.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?" Bùsọ́lá bi í.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é."

"Ẹ ò bi mí léèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ò bi mí, lọ́jọ́ kejì ẹ ò bi mí." Ó já koríko kan, ó ń ká a mọ́ ìka. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń pè ní apààyàn báyìí. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn dùn mọ́ mi?"

"Rárá."

"Kò dùn mọ́ mi."

Ó dúró títí ó fi mu ún tán. Ó gba abọ́ náà, ó fi omi ìkòkò ẹ̀yìnkùlé ṣan án, ó sì gbọ̀n ọ́n gbẹ.

"N kò ní máa gbé e wá mọ́," ó wí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ, ẹ gbé kọ́ọ̀bù yín wá lówùúrọ̀, kẹ́ ẹ tò bíi tàwọn yòókù. Kí wọ́n rí yín, kí n rí yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tísà mú kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ. Èrò ti pé síwájú ilé náà, èéfín àkàrà ń fẹ́ lọ sókè. Ó tò sẹ́yìn. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ wẹ̀yìn, ó rí i, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sún mọ́ ọn, wọ́n jẹ́ kí àlàfo wà, bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùsọ́lá nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìlà ń sún díẹ̀díẹ̀, òun náà ń sún, kò sá, títí tó fi rí bàtà Bùsọ́lá níwájú rẹ̀, tó sì gbọ́ ṣíbí ńlá lára ìkòkò.

"Ẹni tó kàn," Bùsọ́lá wí, sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ó na kọ́ọ̀bù rẹ̀ síwájú.